Lẹ́yìn Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Ṣí I: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Láti Ìlọrin Dé Gúúsù Kwara

Ọjọ́ Ajé, Ìlọrin

Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí wa, ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìrìn-àjò afẹ́ yóò di orísun owó fún Kwara. Ìdí tí mo fi kúrò nílé ní ọ̀sẹ̀ yìí ni kí n lè fi ojú ara mi rí ibi tí ọwọ́ wọn dé, ibi tí kò tíì dé, àti ohun tí àwọn tó ń gbé nídìí àwọn ohun àrà wọ̀nyí ń rí jẹ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù ni a jọ ń lọ. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ, nítorí ó mọ ọ̀nà tí fáìlì ń gbà láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ráhùn sí ìjọba kò mọ̀.

Òkèlele ni a kọ́kọ́ yà sí, ní Dàda, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú iṣẹ́ náà. Ìyá àgbà tí a bá lórí àpótí da ojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, ó na amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó sì ń lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi tẹ́ dọ́gba. Òmíràn tó ti kúrò lórí ìkòkò tó sì ti le díẹ̀ ló gbé síwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó yí amọ̀ bí okùn, ó sì fi mọ ọrùn rẹ̀. Àkísà tútù ló fi ń dán etí ìkòkò náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú, ìka méjì wà lóde, ó ń rìn yí ìkòkò po; ìkòkò fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe fún yín?" Ìyá kò dárúkọ owó. Ó ní kí wọ́n bá àwọn tún ojú ọ̀nà ṣe kí ọkọ̀ lè wọlé wá kó ìkòkò lásìkò òjò, kí wọ́n sì bá àwọn kọ́ àtíbàbà gbígbòòrò tí ìkòkò tútù yóò máa gbẹ sí, nítorí òjò ọ̀sán kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò lè sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ṣe nǹkan kan ní Ìlọrin. Ilé ìṣe fíìmù tí wọ́n ń pè ní Sugar Film Factory wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá wà níbẹ̀, ọjọ́ ẹṣin tí à ń pè ní Dọ́bà sì ń kó èrò wá sí iwájú ààfin Ẹ́míà lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú ńlá, níbi tí ọ̀dà àti iná ti wà tẹ́lẹ̀, ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí. Ní ìrọ̀lẹ́, a dé Ìdí-Àpè, níbi tí òkúta tí àwọn ará àtijọ́ ń lọ irin lára rẹ̀ wà. Àárín ilé àwọn ènìyàn ló wà, àwọn ará agbo ilé náà ló sì ń fi í han àlejò. Ọmọdékùnrin kan gbá ewé kúrò lórí rẹ̀ kí a tó wò ó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán

Gáréèjì Ọ̀fà ni a ti wọ ọkọ̀. A gba Ìdọ̀fíàn kọjá, a dé Ajáṣẹ́-Ìpo, a sì yà sí ọ̀nà Òrò. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà yìí, òun ló sì gba Òmù-Àrán lọ sí ìhà Ẹ̀gbẹ́ àti Kàbà. Ibì kan wà tó dára, ibì kan sì wà tí awakọ̀ fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ tó lọ gba ti ẹni tó ń bọ̀, tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ á sì dákẹ́ títí yóò fi padà.

Inú ọkọ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe àlàyé tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ fún mi. Ìwé òfin ọdún 1999 fi àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé wọ́n ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àjọ àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ló ń ṣàkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tó wà láàrin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọ̀rọ̀ fífún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbàlejò ní ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìwé òfin kan náà, ní apá ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí, dárúkọ ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí àlejò kan bá ti Èkó wá wo ère Èsìẹ́, ọ̀nà tó gbà wá jẹ́ ti Abuja, ère tó wò jẹ́ ti Abuja, òtẹ́ẹ̀lì tó sùn sí wà lábẹ́ àṣẹ Ìlọrin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wá kiri tí kò rí sì jẹ́ ti káńsù. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣe tirẹ̀, àlejò náà kò ní padà wá, kò sì ní mọ èyí tí òun ì bá dá lẹ́bi.

Ó fi kún un pé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra wọn kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ àti mínísítà tirẹ̀. Nígbà tó máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ti dà á pọ̀ padà mọ́ ilé iṣẹ́ iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí èkíní lè máa retí èsì títí di òní. Mo gbà pé ó lè ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ abúlé kò lè máa tẹ̀ lé irú ìyípadà yìí, ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú káńsù tàbí ní Ìlọrin wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tẹ̀ lé e fún wọn.

A dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó wọ̀. Ilé ẹbí ni a sùn.

Ọjọ́rú, Èsìẹ́

Ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Jos kò ṣí títí di 1952, ti Èkó di 1957. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrépọ̀dùn ló gba ipò àkọ́kọ́, kì í ṣe Èkó tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà, ohun tó sì fà á ni pé àwọn ère náà pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kó lọ sí ibòmíràn láìba ìtumọ̀ wọn jẹ́. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n nínú igbó tipẹ́tipẹ́ kí Ramshaw, òyìnbó kan tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fún ìjọ C.M.S., tó dé ibẹ̀ ní 1933, tó sì sọ fún ayé òde. Ìtàn ìlú sọ pé ènìyàn ni wọ́n, pé àlejò ni wọ́n tó di òkúta. Ní ti ìwádìí, kò sí ẹni tó tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn báyìí ló gbẹ́ wọn.

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó sì ń dán lọ́wọ́, irú èyí tí ọ̀bẹ lè ràn. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà dání, àwọn kan mú ohun èlò orin. Ọ̀kan wà tí mo dúró tì pẹ́. Obìnrin ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, irun rẹ̀ dì sókè lọ́nà tí onídìrí òde òní kò lè fojú rénà, ìlẹ̀kẹ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká, ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Etí àpótí tó jókòó lé ti fọ́, ojú ibi tó fọ́ sì mọ́lẹ̀ ju ara tó kù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, àwọn èékánná ìka rẹ̀ ṣì hàn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbẹ́ èékánná sí ara ère tó kéré tó báyìí kò kánjú.

Òṣìṣẹ́ tó mú wa kiri mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ní sùúrù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lẹ́yìn wa, tí wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n wá dákẹ́ nígbà tó sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ère yìí ti wà kí a tó tẹ ìlú tiwọn dó. Inú mi dùn láti rí àwọn ọmọ náà. Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo láti bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ fún lórí Èsìẹ́, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ilé tuntun. Màá bẹ̀bẹ̀ pé kí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ fi ìbẹ̀wò sí Èsìẹ́ sínú ètò ọdọọdún fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara, kí wọ́n sì san owó ọkọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Èyí kò nílò agbaṣẹ́ṣe, kò nílò ilẹ̀, àǹfààní rẹ̀ á sì dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé ìlú náà láti ọjọ́ kìíní.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí obìnrin kan tó ń ta omi tútù àti ẹ̀pà sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sọ fún wa pé ohun tí òun ń tà lásìkò Ọdún Ère, nígbà tí ọmọ ìlú bá ti ibi gbogbo dé, ju ohun tí òun ń tà ní oṣù kan gbáko lọ. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ní ọjọ́ tí àlejò kò bá wá. Ó ní, "Oko ni mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá jókòó dè wọ́n, ebi á pa àwọn ọmọ." Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ní ọ̀sẹ̀ kan yóò yí ìṣirò yẹn padà fún òun àti irú rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè yìí ní ibi méjì péré lórí ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO, ìyẹn Sukur ní 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Kò sí ìdí tí Èsìẹ́ kò fi lè jẹ́ ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n UNESCO máa ń béèrè ètò àbójútó tí a kọ sílẹ̀, ààlà ilẹ̀ tí ó dájú, àti ẹ̀rí pé àwọn ará ìlú wà nínú rẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó parí.

Ọjọ́bọ̀, Òmù-Àrán

Òní ni ó yẹ kí a lọ sí Omi Òwu, omi tó ń já láti orí àpáta nítòsí ìlú Ọ̀wá-Kájọlà, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ tí wọ́n máa mú wa lọ ránṣẹ́ pé kí a sún un di ọ̀la. A kò bá wọn jiyàn. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó Ifẹ́lódùn àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká di ibùba, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kì í lè dá lọ sí oko mọ́. Ìtìlẹ́yìn àkọ́kọ́ tí ìjọba lè ṣe fún ìrìn-àjò afẹ́ ní ìhà yìí ni kí ọ̀nà oko ṣeé rìn. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ń bẹ̀rù láti lọ wa iṣu tirẹ̀, ta ni yóò pe ọmọ Èkó pé kó wá wẹ̀ nínú odò?

Ọjọ́ tí a kò lọ yìí ṣe wá ní àǹfààní, nítorí pé bọ̀ọ̀dá wa kan tó ti gbé ní Scotland fún ìgbà pípẹ́ wà nílé. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù ibẹ̀ fún wa, mo sì bi í ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Skye jẹ́ erékùṣù tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Ní 1995 wọ́n ṣí afárá kan tó so ó mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á kọjá. Àwọn ará erékùṣù náà kò gbà. Àwọn kan nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti san án, wọ́n ń bá a fà títí ìjọba fi ra afárá náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 pọ́n-ùn ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí owó ìkọjá sì di òfé. Fún àwọn erékùṣù tí kò ní afárá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2008, èyí tó mú owó ọkọ̀ ojú omi súnmọ́ iye tí ènìyàn ì bá ná tó bá jẹ́ pé ojú títì ló fi mọ́tò gbà. Àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Arran ní 2014.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló gbà mí lọ́kàn. Àlejò pọ̀ débi pé ọ̀nà tóóró kún, mọ́tò ń dúró sórí koríko àgbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò tó. Àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àlejò ń dí àwọn lọ́wọ́. Ìjọba Scotland wá ya mílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ètò kan tó gbéra ní 2018, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà ẹsẹ̀ ní ìgbèríko. Ní Fairy Pools ní Skye, níbi tí omi ti ń já láti orí òkúta sínú ibú, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Òfin tuntun tún dé ní 2024 tó fún àwọn káńsù wọn láṣẹ láti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú àdéhùn pé orí ohun tí àlejò ń lò ni wọ́n gbọ́dọ̀ ná an sí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kàlámù rẹ̀ ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀." Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ogún ọdún tó ti ń rí ètò ìṣúná káńsù, ó ní òun kò rí i rí kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi ìgbafẹ́ ní owó àbójútó tirẹ̀. Owó kíkọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Mo rántí Tinapa, ibùdó òwò àti ìgbafẹ́ ní Calabar, tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí, tí wọ́n ṣí ní 2007, tí òwò tí wọ́n retí kò sì wá síbẹ̀ bí wọ́n ṣe rò ó. Ẹni tó bá ní owó kékeré ní Kwara kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, Omi Òwu

Àwọn ọdẹ dé ní kùtùkùtù, a sì gbéra. Ọ̀wá-Kájọlà ni a fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí, a kí àwọn àgbà ìlú, wọ́n gba obì lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa. Ọ̀nà tó kù ni ti ẹsẹ̀. Òpin òjò ni, koríko ga ju orí lọ ní ibì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣáájú wa sì ń fi àdá ṣán an bó ṣe ń lọ. Ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú, ọdẹ kan di apá rẹ̀ kejì.

Etí ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ariwo náà wà níwájú wa fún ìgbà pípẹ́ kí igi tó ṣí sílẹ̀, tí mo sì gbójú sókè, tí mo sì tún gbójú sókè sí i, nítorí ibi tí mo rò pé ó jẹ́ orí rẹ̀ kọ́ ni orí rẹ̀. Nǹkan bí 120 mítà ni wọ́n ń ka gíga rẹ̀ sí, ó sì wà lára àwọn tó ga jù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Omi náà ń bọ̀ lára ògiri àpáta dúdú, ó ń pín sí ọ̀nà púpọ̀, ó tún ń padà di ọ̀kan, ìrì rẹ̀ sì ń fẹ́ sí wa lójú ní ibi tó jìnnà sí ibú. Ewédò bo gbogbo òkúta tó wà nísàlẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi náà, ó tutù débi pé mo yọ ọ́ kíá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí i, ó sì dùn mí gidigidi pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin tó ti wẹ̀ ní etíkun Èkó kò tíì débí.

Bí a ṣe jókòó sórí àpáta, àgbà ọdẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá léraléra lákòókò ọdún, àwọn obìnrin Ọ̀wá á sì gbé iyán wá síbi tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sí. "Ìjọba lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ iwájú," ó ní, "ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ọ̀nà tí kò ní dẹ́rù ba ẹni tó ń bọ̀, kí wọ́n fún wa ní òpó fóònù kí a lè pe ara wa bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì san owó oṣù fún àwọn ọmọ tó ń ṣán ọ̀nà." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú àdá dání gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ẹnì kan ń sanwó fún un. Ó ní ohun tí àlejò bá fi ta òun lọ́rẹ ni, àwọn mìíràn kì í sì fún òun ní nǹkan kan.

Mo ronú lórí èyí ní gbogbo bí a ṣe ń padà. Iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ tí gbogbo ìjọba ń ṣèlérí fún ọ̀dọ́, iṣẹ́ náà rèé. Ẹni tó ń ṣe é wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní àdá, ó mọ ọ̀nà, ó mọ òkúta tó ń yọ̀ àti èyí tí kò yọ̀. Ohun tó kù ni kí káńsù kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ ní ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tó bá farapa, kí wọ́n fún un ní aṣọ iṣẹ́ àti owó oṣù, kí tíkẹ́ẹ̀tì tí àlejò bá já sì ní ìpín tí a kọ sílẹ̀ kedere fún Ọ̀wá-Kájọlà, èyí tí àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú yóò jọ máa rí ìwé rẹ̀. Bí owó ẹnubodè bá ń gba orí ìlú kọjá lọ sí ibòmíràn láìkù síbẹ̀, ìlú kò ní ka ibẹ̀ sí tiwọn, ẹni tí kò bá sì ka nǹkan sí tirẹ̀ kì í ṣọ́ ọ.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a gba ibì kan kọjá tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n kọ́ ilé ìgbàlejò sí fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣí i sí lára ṣì dúró. Ilẹ̀kùn ti lọ, fèrèsé ti lọ, ewúrẹ́ ló wà nínú yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀fà

A kò pẹ́ ní Ọ̀fà. Ìlú tí Mọ́remí ti wá, ìlú tó fi ìjàkadì ṣe orò, kò nílò kí n máa ròyìn rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lágbára níbẹ̀ débi pé bí ọjọ́ ọdún bá ti sún mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń dáwó, tí wọ́n ń ṣètò, tí wọ́n sì ń ké sí ìjọba kó wá bá wọn dá sí i. Ọ̀wá-Kájọlà kò ní irú èrò tàbí irú owó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìtìlẹ́yìn ìjọba fi yẹ kó wúwo sí i níbi tí ọmọ ìlú kò bá pọ̀. Ojú irin láti Èkó lọ sí Kánò gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá. Ọkọ̀ ojú irin òpin ọ̀sẹ̀ tó bá lè kó èrò dé Ọ̀fà, kí bọ́ọ̀sì sì gbé wọn dé Èsìẹ́, kì í ṣe àlá tí kò lè ṣẹ.

Ọjọ́ Ajé, ní káńsù

A sinmi ní ọjọ́ Àìkú, a sì lo ọjọ́ náà láti kọ lẹ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn káńsù méje tó wà ní gúúsù Kwara ni a kọ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má ṣe béèrè ohun tí kò sí lábẹ́ wọn, kí wọ́n má baà rí ìdí láti darí wa sí Ìlọrin tàbí Abuja. Nítorí náà a béèrè fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó ní kànga, pẹ̀lú owó àbójútó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nínú ètò ìṣúná. Fún pátákó ìtọ́sọ́nà ní gbogbo ìkóríta. Fún ṣíṣán ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àti fún owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí ìlú fúnra rẹ̀ yóò yàn. A rán wọn létí ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tó sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. A kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì to iye tí a rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná wọn sí ojú ewé kejì.

Akọ̀wé tó gbà á kà á tán lójú wa. Ó bi wá bóyá àwọn ará ìlú mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ibi tí àwọn àgbà mẹ́ta tẹ àtàǹpàkò sí hàn án. Ó lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìṣúná yóò jókòó kí ọdún tó parí, pé kí a ní ẹni tí yóò máa wá béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa lọ síbi omi ti gbà láti jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ni èkejì, ó sì ti kọ nọ́mbà fáìlì náà sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn rẹ̀.